Ìpẹtà Ara Owó Bàbá Mi

Inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di tòmátì ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó ogún bàbá mi sí nígbà tó gbé e wá fún mi. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà apáátìmẹ́ǹtì mi ní Alief, ládùúgbò kan ní ìlú Houston, kò jókòó, kò gba omi, ó ṣáà ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́. Ó ní, "Oya, àbúrò, gbà. Ohun tí Daddy ní kí n kó fún ẹ nìyí. Mo ti jíṣẹ́ o." Ó ti ìsìnkú dé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Èmi ò lè lọ. Lọ́yà tó ń bá mi ṣe ìwé ìgbélùú ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde ní Amẹ́ríkà, kí n má rò pé màá padà wọlé. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ bo bàbá mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ṣọ́bìrì sókè.

Ohun tó wà nínú ọ̀rá náà ni owó àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Àgbà tó bá mọ ọ̀níní, owó oníhò tí àwọn òyìnbó ń ná nílẹ̀ wa láyé ọjọ́sí, yóò mọ irú rẹ̀. Àfi pé ihò ọ̀níní rí rìbìtì, ihò ti Ṣáínà ní igun mẹ́rin, lẹ́tà wọn mẹ́rin sì yí ihò náà ká. Mo di okùn náà mú, mo bú sẹ́kún lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní òun ò fẹ́ kí traffic ká òun mọ́ orí freeway, ó sì bá tirẹ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Missouri City, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí wa.

Ìtàn owó náà kò gùn. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe abọ́ tánganran. Ibà dá ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn dùbúlẹ̀ nígbà òjò. Mọ́tò ilé iṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ni bàbá mi bá gbé ọkùnrin yìí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n fi aṣọ so ó mọ́ ara wọn bí ẹni pọn ọmọ, wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́ nínú òjò títí dé ọsibítù. Ọkùnrin náà yè é. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú okùn owó tí ìyá ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé, ó sì kó o lé bàbá mi lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó gba ìtàn yìí gbọ́. Àwọn ará àdúgbò ní wáṣà ni, wáṣà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tù ẹ̀rọ, pé ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ni bàbá mi ti ṣà á tí wọ́n wá ń sọ ọ́ di owó ọba. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé yẹ̀yẹ́ náà wọ inú ilé. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá parọ́, á ní, "Wáṣà!" Bí bàbá mi bá ṣèlérí bàtà Kérésìmesì, á yíjú sí mi, á sì fi ètè sọ ọ́ láìjẹ́ kó dún jáde. Bàbá mi mọ̀. Wọn ò dá a lóhùn rí. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Sunday, wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á gbé okùn owó náà sókè, oòrùn á bà á, á sì máa kọ mànà. Èmi nìkan ni mo máa ń jókòó tì wọ́n. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ò fi mí rẹ́rìn-ín rí. Bí mo bá kú, ìwọ ló ni ín."

Ilé tí kò wọ́n jù ló gbé mi dé Alief. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa àti ti àwọn ará Ṣáínà fara kan ara wọn níbẹ̀. Mo lè ra èlùbọ́ tán, kí n yà síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja òòyẹ̀ nínú omi. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó jọ owó bàbá mi. Wọ́n fi okùn pupa so ó, wọ́n gbé e kọ́ síbi ìsanwó fún ẹni tó bá ń wá oríire. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ lára ayédèrú, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí okùn bàbá mi yóò dé ọwọ́ mi, màá sì fi pa ẹnu ẹ̀gbọ́n mi dé títí ayé. Kì í ṣe torí kí n tà á o. Mi ò bìkítà iye tó tó. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ wò ó, kó sọ pé bàbá mi kò parọ́.

Mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Yàrá kan ní láíbìrì ni wọ́n ti ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú, aṣọ nọ́ọ̀sì ni mo sì máa ń wọ̀ lọ nítorí láti ẹnu iṣẹ́ ni mo máa ń yà síbẹ̀. Wọ́n kọ́ mi dáadáa. Owó Ṣáínà àtijọ́, wọn kì í lù ú jáde lára irin pẹlẹbẹ. Wọ́n ń yọ́ idẹ ni, wọ́n á dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àmì sí. Bó bá tutù, wọ́n á ki ọ̀pá onígun mẹ́rin bọ ihò ọ̀pọ̀ lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì fi fáìlì fá etí gbogbo wọn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà wẹ́wẹ́ fi máa ń wà létí ojúlówó. Ẹ óò ka lẹ́tà iwájú rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ẹ óò bọ́ sọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ tó parí sí òsì. Orúkọ tí ọba ayé ìgbà náà fún ìjọba rẹ̀ ló ń ṣáájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ óò ti mọ ìlú tí wọ́n ti dà á.

Òfin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń parí, ni pé a kì í fọ owó àtijọ́. Ìpẹtà tó wà lára rẹ̀, èyí tó máa ń ní àwọ̀ ewé, ọdún ló kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì fọ̀ ọ́ dànù ti ba ohun tí ọdún ṣe jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kò ní sùúrù ọdún. Ásíìdì ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n po ọ̀dà mọ́ gọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi kùn ún.

Mo sọ ìtàn bàbá mi fún wọn lọ́jọ́ kan. Mo ti ń dúró de ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága ẹgbẹ́ náà, bàbá arúgbó kan tó ti ṣe olùkọ́ rí, ní irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, pé ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀ lè gba irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ó ní bó bá dé, kí n jọ̀wọ́ mú un wá, inú àwọn yóò dùn láti wò ó. Mo wọ mọ́tò mi lẹ́yìn ìpàdé, mi ò sì lè ṣíná rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí bàbá mi ti ń sọ ìtàn yìí, ilẹ̀ àjèjì ló ti wá rí ẹni tó gbọ́ ọ parí.

Ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì oúnjẹ mi ní ọ̀sán Sátidé kan, tí mo tú okùn tí ẹ̀gbọ́n mi kó wá. Mo kọ́kọ́ mú mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Kò fà á. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí ayédèrú tí wọ́n bá fi irin ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú, mo wo etí rẹ̀. Kò sí ìlà wẹ́wẹ́ kankan. Ìlà kan ṣoṣo ló yí etí náà ká, níbi tí apá méjì ohun tí wọ́n fi dà á ti pàdé. Mo mú òmíràn, bákan náà. Ẹ̀yìn wọn ń pe orúkọ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ ihò abẹ́rẹ́ kan wà lójú kan náà lára gbogbo wọn, lábẹ́ lẹ́tà ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ tíì rí ibi tí àpá ilé-ìgbóná ti wà lójú kan náà lára gbogbo ọmọ ilé? Mo ki òwú bọ inú omi tí mo fi ń nu ọ̀dà èékánná mi, mo fi ra ọ̀kan. Ìpẹtà náà bá òwú lọ.

Ayédèrú ni. Kò tiẹ̀ lè tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe é.

Mo bínú sí òkú. Mi ò ní fi bò. Mo yí fọ́tò bàbá mi tó wà ní pálọ̀ kọjú sí ògiri, mo sì ń bá ẹ̀yìn férémù náà jà bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń nà wá nítorí irọ́! Gbogbo ọjọ́ Sunday tí mo ń jókòó tì yín, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré níta, ṣé ẹ̀tàn lẹ fi ń dá mi dúró? Ó dùn mí ju ikú wọn lọ. Ikú, a mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àmọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn aláhesọ àdúgbò ló tọ̀nà, èmi ọlọ́gbọ́n ni mo gọ̀, ìyẹn ò ṣeé gbé mì. Mi ò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. Alága pè mí, mi ò gbé e.

Ìgbín ló la ojú mi. Mo ra ìgbín inú yìnyín ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo sì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìtọ́ ara rẹ̀ nù ní ibi ìfọwọ́ kíṣìnnì mi. Òórùn ọsàn náà gba imú mi, ni mo bá rí ìyá mi. Mo rí wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àpótí lẹ́yìn ilé nígbà tí Kérésìmesì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí wọ́n po eérú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi kànìnkànìn ha gbogbo ohun tó bá jẹ́ idẹ nínú ilé. Agogo tí a fi ń gbàdúrà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, fìtílà ìyá wọn, àti owó bàbá mi. Wọ́n máa ń ha owó yẹn títí bàbá mi á fi pariwo pé, "Ìyá wọn, o máa ha lẹ́tà ara rẹ̀ tán o!" Ìyá mi á ní, "Ẹ jẹ́ ó tán. Ṣé ìdọ̀tí ni kí àlejò bá nínú ilé mi?" Lójú ìyá mi, idẹ tí kò dán, ọ̀lẹ ló ni ín. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, bàbá mi kò jẹ́ kí àṣà náà bà jẹ́, bí December bá dé, wọ́n á sọ fún mi lórí fóònù pé, "Mo ti fọ owó bí ìyá yín ṣe máa ń fọ̀ ọ́."

Ìgbín bọ́ lọ́wọ́ mi. Owó tí oòrùn máa ń bà tó ń kọ mànà, tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò jẹ́ kó sinmi láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, ibo ni yóò ti rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé? Ìdọ̀tí tó wà lára okùn tí ẹ̀gbọ́n mi kó fún mi kò lè bá owó bàbá mi gbé ilé kan náà, àfi pé ìpẹtà tí ẹgbẹ́ wa ń yìn ti bò mí lójú láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí owó náà bá jẹ́ ayédèrú, bó sì jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe ti bàbá mi rárá. Ẹgbẹ́ wa á ní ìyá mi ba owó àtijọ́ jẹ́. Àmọ́ bíbà tí wọ́n bà á jẹ́ yẹn ló gba bàbá mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbínú mi. Mo yí fọ́tò náà padà, mo sì bẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo wakọ̀ lọ sí Missouri City. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé, ó nà gbalaja sórí kóúṣì, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó Daddy dà?"

"Èwo tún ni? Ṣebí mo ti kó o fún ẹ."

"Èyí tẹ́ ẹ kó fún mi kì í ṣe tiwọn. Gbogbo Kérésìmesì ni Mummy ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń lọ já ọsàn náà wá. Báwo ló ṣe wá dọ̀tí?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. "Àbúrò, come and sit down."

"Mi ò jókòó. Ẹ ṣáà sọ fún mi."

Ó fọwọ́ ra ojú. "Pastor wa ló wá kí wa, ọjọ́ kejì tí mo dé láti Nigeria. Wọ́n rí i lórí table. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí nǹkan yẹn sun ilé mi mọ́. Strange writing, strange hole, a ò mọ irú májẹ̀mú tí wọ́n ti bá a dá. I have children in this house. A gbàdúrà sí i, a wá lọ dà á sínú bayou."

Bayou ni wọ́n ń pe odò pẹrẹsẹ tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, òun ló ń gbé omi òjò Houston lọ sókun. Mo wò ó láti ojú fèrèsé. Omi rẹ̀ dà bí omi ẹ̀wà.

"Ẹ dà á sínú bayou," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé o máa bínú, that's why I bought another one. Mo ṣe wàhálà lórí ẹ̀ o! Èyí tó dán ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, mo ní rárá, kí wọ́n lọ wá èyí tó gbó, tó rí bí ti àtijọ́."

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Ṣọ́ọ̀bù kan ní Alief lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fojú rí owó bàbá wa, ó ti gbé e lọ́wọ́ ré òkun kọjá, síbẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń dán. Kò wò ó rí láyé rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, pé ǹ bá ti wo etí owó náà, ìwúwo rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe dà á, ká sì mọ̀ bóyá òtítọ́ ni Daddy ń sọ. Fífọ̀ tí Mummy ń fọ̀ ọ́ kò lè pa gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ rẹ́.

Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi. "Be honest, àbúrò. Èmi àti ìwọ la mọ Daddy. Ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe wáṣà?"

Bí mo bá ní ó dá mi lójú, irọ́ ni. Ìgbàgbọ́ ni mo ní, ìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí mo fi gbogbo Sátidé mi kọ́, ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ ọ nítorí rẹ̀ ti wà nínú ẹrẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sétí omi náà pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀. Koríko ti ga, òjò sì ti rọ̀ léraléra láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń ké sí mi pé ejò wà níbẹ̀, kí n wá jẹun.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó padà sí ẹgbẹ́ wa ní láíbìrì. Bí mo ṣe wọlé ni inú wọn dùn. Alága fa àga jáde fún mi, ó béèrè bóyá owó bàbá mi ti dé. Ẹnì kan ti gbé awò rẹ̀ tó dára jù lọ wá, ó ní gbogbo Sátidé lòun ń gbé e wá, bóyá màá yọjú. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Kí ni kí n wí? Ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó kàwé, tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, bẹ̀rù ihò ara idẹ? Pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló da owó tí bàbá mi fi gbogbo ayé wọn ṣọ́ sómi? Wọ́n á mi orí, wọ́n á fojú àánú wò mí, àánú náà á sì kárí gbogbo ìran mi. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nílé wa, a lè fa ara wa láṣọ ya nínú yàrá, àmọ́ a kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹni síwájú àlejò. Ẹni tó wà láàyè ni mo gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Òkú kò lè bi mí ní ìbéèrè.

Mo ní, "Ó ti dé. Mo ti wò ó. Wáṣà ni."

Alága rọra da ojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tó gbé awò wá ki í padà sínú àpò rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, irú èyí tí àwọn ará àdúgbò wa máa ń fi bàbá mi rín. Mo sì bá a rẹ́rìn-ín.